Ọ̀mì Nínú Ìdíje Ṣẹ́ẹ̀sì: Bí A Ṣe Ń Ta Á, àti Bí A Ṣe Ń Gbà Á Lọ́wọ́ Adájọ́

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọkùnrin kan tí mo ń kọ́ ní ṣẹ́ẹ̀sì jókòó sí tábìlì kejì ní ìpele ìkẹyìn ìdíje kan, ìdajì àmì péré ni ó sì ń wá kí ó lè wà lára àwọn mẹ́ta tí wọn yóò fún ní ẹ̀bùn. Dúdú ni ó mú. Ó ta ayò náà bí mo ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́, títí ayaba rẹ̀ àti ayaba ẹnì kejì fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síwá sẹ́yìn láàárín ilé méjì-méjì. Nígbà tí ó rí i pé ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo ni ó kù kí ojú pátákó padà sí bí ó ti wà nígbà méjì ṣáájú, inú rẹ̀ dùn, ó gbé ayaba rẹ̀ sí ilé tó yẹ, ó tẹ aago, lẹ́yìn náà ni ó wá nawọ́ sókè tí ó pe adájọ́ pé ọ̀mì ni. Adájọ́ wo pátákó, ó wo aago, ó ní kò sí ohun tí òun lè ṣe, nítorí pé ẹnì kejì ni ó kàn láti ta. Ẹnì kejì yìí, àgbà ọkùnrin kan tí ó jọ pé kò tíì pinnu bóyá òun fẹ́ ọ̀mì tàbí òun kò fẹ́, ronú fún bí ìṣẹ́jú mẹ́fà, ó fi ayaba rẹ̀ jẹ ayaba ọmọ náà, wọ́n sì ta á lọ títí ọmọ fi pàdánù ní ìgbésẹ̀ kọkànlélógójì. Nígbà tí ó jáde, ohun tí ó bi mí ni pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣebí mo ta á bí ẹ ṣe ní kí n ta á?” Òótọ́ ni ó sọ. Ìdajì ẹ̀kọ́ ni mo fún un.

Láti ìgbà tí Tunde Onakoya ti fi wákàtí 60 ta ṣẹ́ẹ̀sì láìdáwọ́ dúró ní Times Square ní New York ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àwọn ọmọ tó ń béèrè ayò yìí lọ́wọ́ mi, láti Sàgámù títí dé Ìjẹ̀bú-Igbó, ti pọ̀ ju èyí tí mo lè jókòó tì lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ ayò ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè, bí ẹni pé ibẹ̀ ni gbogbo agbára wà. Ìtọ́sọ́nà yìí yóò fún yín ní ìbẹ̀rẹ̀ kan, ìgbésẹ̀ mẹ́rìnlá péré, èyí tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá àgbáyé ti fi ta ọ̀mì nínú ìdíje. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ gan-an ni pé kì í ṣe orí pátákó ni irú ọ̀mì báyìí ti ń parí, bí kò ṣe lórí ìwé àkọsílẹ̀ àti níwájú adájọ́.

Ọ̀rọ̀ náà, ọ̀mì, kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ti wo àwọn àgbà tó ń ta ayò ọlọ́pọ́n rí. Ọmọ ayò 48 ni ó wà nínú ọpọ́n; bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá kó 24, kò sí ọ̀ta, kò sí òpè, ọ̀mì ni. Ní ṣẹ́ẹ̀sì, àmì kan ni ẹni tó borí ń gbà, ẹni tó pàdánù ń gba òdo, ọ̀mì sì ń fún àwọn méjèèjì ní ìdajì àmì. Ẹni tó bá ti dá àjọ rí ní ọjà Òkè-Ajé kò ní fojú tín-ín-rín ìdajì: nínú ìdíje oníìpele méje, ìdajì àmì kan ni ó sábà máa ń ya ẹni kẹta sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni kẹsàn-án.

Ohun tí ẹ ó kó sílẹ̀

Ẹ to pátákó yín, kí ẹ rí i pé ilé funfun ni ó wà ní igun ọ̀tún yín, kí ẹ sì mú bírò àti ìwé. Lẹ́tà a títí dé h ni a fi ń dá òpó ilé mọ̀ láti òsì Funfun lọ sí ọ̀tún rẹ̀, nọ́ńbà 1 títí dé 8 sì ni a fi ń ka ilé láti ọ̀dọ̀ Funfun lọ sí ọ̀dọ̀ Dúdú. Nínú àkọsílẹ̀ tí gbogbo ayé ń lò, K ni ọba, Q ni ayaba, R ni rúùkù, B ni bíṣọ́ọ̀bù, N sì ni ẹṣin. Pọ́ọ̀nù kò ní lẹ́tà, orúkọ ilé tó dé nìkan ni a ń kọ. Àmì x túmọ̀ sí pé ọmọ ayò kan jẹ òmíràn, àmì + túmọ̀ sí ṣẹ́ẹ̀kì, ìyẹn ìgbà tí ọmọ ayò kan bá kọjú sí ọba láti jẹ ẹ́, O-O sì ni káásù, ìyẹn ìgbà tí ọba bá fò lọ sí ẹ̀bá rúùkù tí rúùkù sì fò kọjá rẹ̀. Ẹ má ṣe sọ pé ẹ ó há a sórí. Ẹni tí kò lè kọ ayò rẹ̀ sílẹ̀ kò ní lè gba ọ̀mì tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí.

Ayò náà, ìgbésẹ̀ sí ìgbésẹ̀

Èyí ni gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, kí ẹ tó máa tú u palẹ̀:

1. e4 e5 2. Nf3 Nc6 3. Bb5 Nf6 4. O-O Nxe4 5. d4 Nd6 6. dxe5 Nxb5 7. a4 Nbd4 8. Nxd4 Nxd4 9. Qxd4 d5 10. exd6 Qxd6 11. Qe4+ Qe6 12. Qd4 Qd6 13. Qe4+ Qe6 14. Qd4, Dúdú sì gba ọ̀mì.

Ìgbésẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ ti Funfun ni a ń pè ní Ruy López, orúkọ àlùfáà Ìjọ Àgùdà kan ní orílẹ̀-èdè Sípéènì tí ó kọ ìwé lórí ṣẹ́ẹ̀sì ní ọdún 1561. Bíṣọ́ọ̀bù lọ dúró sí b5, ó ń wo ẹṣin c6 tí ó ń ṣọ́ pọ́ọ̀nù e5. Oríṣiríṣi èsì ni Dúdú ní, ṣùgbọ́n bí ó bá gbé ẹṣin kejì jáde sí f6, tí ó kọjú sí pọ́ọ̀nù e4 láìbìkítà fún bíṣọ́ọ̀bù, ìlú Berlin ní Jámánì ni wọ́n fi sọ èsì náà lórúkọ. Bí Funfun bá ṣe káásù, Dúdú yóò jẹ pọ́ọ̀nù e4. Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ máa ń rò pé pọ́ọ̀nù ọ̀fẹ́ ni. Kò sí ọ̀fẹ́ níbẹ̀, nítorí pé òpó e ti ṣí sílẹ̀ fún rúùkù Funfun báyìí, ọba Dúdú sì ṣì wà ní òpó náà. Dúdú yóò dá pọ́ọ̀nù náà padà láìpẹ́, ohun tí ó sì ń rà ni àlàáfíà.

Ní ìgbésẹ̀ karùn-ún, pọ́ọ̀nù d4 dé, ẹṣin Dúdú sì sá padà sí d6, níbi tí ó ti ń wo bíṣọ́ọ̀bù b5. Oríta nìyí, ẹ dúró díẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn ọ̀gá máa ń gbà jù lọ ni kí bíṣọ́ọ̀bù jẹ ẹṣin c6, kí pọ́ọ̀nù d7 jẹ ẹ́ padà, kí Funfun jẹ e5, kí ẹṣin Dúdú bọ́ sí f5, kí àwọn ayaba sì jẹ ara wọn lórí d8. Níbẹ̀, ìgbésẹ̀ kẹjọ péré, kò sí ayaba mọ́, ọba Dúdú kò lè ṣe káásù mọ́, pọ́ọ̀nù rẹ̀ méjì wà lórí ara wọn ní òpó c, síbẹ̀ ó ní bíṣọ́ọ̀bù méjì, ó sì ṣòro púpọ̀ láti já a wọlé. Ọ̀nà yẹn ni Vladimir Kramnik fi dá Garry Kasparov dúró ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2000 nígbà tí wọ́n ń du adé àgbáyé. Ayò 15 ni wọ́n ta, 13 nínú wọn jẹ́ ọ̀mì, Kramnik borí nínú méjì, ó sì gba adé náà láìpàdánù ẹyọ kan. Gbogbo ayò tí Kasparov ti fi Funfun bá Berlin pàdé ni ó parí sí ọ̀mì. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pe ìbẹ̀rẹ̀ yìí ní Odi Berlin. Èmi kò ní láti lọ sí Jámánì kí n tó lóye orúkọ náà: Erédò Sùngbọ́, odi oníyẹ̀pẹ̀ àti yàrà tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká fún nǹkan bí kìlómítà 160, kò lé ẹnikẹ́ni kiri, ó kàn ń jẹ́ kí ó nira fún àjèjì láti wọlé ni.

Ọ̀nà tiwa kúrú ju ìyẹn lọ. Ní ìgbésẹ̀ kẹfà, dípò kí bíṣọ́ọ̀bù jẹ ẹṣin, Funfun lo pọ́ọ̀nù láti jẹ e5, pọ́ọ̀nù náà sì ń wo ẹṣin d6. Dúdú jẹ bíṣọ́ọ̀bù b5. Ẹni tó ń wòran yóò rò pé Funfun ti sọ bíṣọ́ọ̀bù nù, ṣùgbọ́n pọ́ọ̀nù a4 yóò lé ẹṣin náà, kò sì sí ibi gidi tí yóò sá sí tí Funfun kò ní gba nǹkan rẹ̀ padà. Nítorí náà ni Dúdú fi gbé e sí d4. Ẹ kíyè sí bí a ṣe kọ ọ́: Nbd4, nítorí pé ẹṣin c6 náà lè dé d4, ó sì pọn dandan kí adájọ́ mọ ẹṣin tí ẹ gbé. Ẹṣin jẹ ẹṣin, ẹṣin jẹ ẹṣin, ayaba Funfun wá jẹ èyí tó kù. Bí ẹ bá ka àwọn ọmọ ayò tó ti kúrò, ẹ ó rí i pé bíṣọ́ọ̀bù kan, ẹṣin kan àti pọ́ọ̀nù kan ni Funfun pàdánù, ẹṣin méjì àti pọ́ọ̀nù kan sì ni Dúdú pàdánù. Ó dọ́gba.

Ní ìgbésẹ̀ kẹsàn-án, Dúdú ti pọ́ọ̀nù d7 lọ sí d5 lẹ́ẹ̀kan náà kí bíṣọ́ọ̀bù c8 lè rí ọ̀nà. Pọ́ọ̀nù e5 ti Funfun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òfin sì gba Funfun láyè láti jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà, bí ẹni pé ilé kan péré ni ó rìn. Ojú ẹsẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ lo ẹ̀tọ́ yìí. Bí Funfun bá ta nǹkan mìíràn, ẹ̀tọ́ náà ti lọ. Ó jẹ ẹ́, ayaba Dúdú sì jẹ pọ́ọ̀nù náà lórí d6. Ẹ sinmi níbí, kí ẹ fi bírò sàmì sí ìgbésẹ̀ kẹwàá yìí nínú ìwé yín, nítorí pé òun ni ìgbà àkọ́kọ́ tí a rí ìrísí pátákó tí a ó padà sí.

Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe rí báyìí? Ayaba méjèèjì kọjú síra wọn ní òpó d. Bí Funfun bá fi tirẹ̀ jẹ ti Dúdú, bíṣọ́ọ̀bù Dúdú yóò jẹ ẹ́ padà, Dúdú yóò sì ní bíṣọ́ọ̀bù méjì lórí pátákó tí ó ṣí sílẹ̀, Funfun kò sì ní nǹkan kan láti fi yangàn. Nítorí náà ni ó fi ta Qe4, ṣẹ́ẹ̀kì. Dúdú fi ayaba rẹ̀ dí i ní e6. Bí Funfun bá jẹ ẹ́ níbẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù kejì yóò jẹ ẹ́ padà, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Funfun wá padà sí d4, níbi tí ayaba rẹ̀ ti ń wo pọ́ọ̀nù g7 láti ọ̀nà jínjìn: bíṣọ́ọ̀bù f8 ni ó ń ṣọ́ pọ́ọ̀nù náà, kò sì lè kúrò níbẹ̀ láìfi í sílẹ̀. Bí Funfun bá rí àyè kó ẹṣin b1 àti bíṣọ́ọ̀bù c1 jáde, wàhálà yóò bẹ̀rẹ̀ fún ọba Dúdú tó ṣì jókòó ní e8. Dúdú kò fún un ní àyè náà. Ó dá ayaba rẹ̀ padà sí d6, ó ní kí wọ́n tún kọjú síra wọn. Bí ẹni tó bá kọ́kọ́ yà kúrò lójú ọ̀nà kò bá ti ní rí èrè kan gbà, kí ni yóò mú un yà?

Ìkìlọ̀ kan nìyí fún ẹni tó bá mú Funfun, nítorí mo ti rí i kí ó ṣẹlẹ̀ lójú mi. Nígbà tí ayaba Dúdú bá wà ní e6 tí tiyín sì wà ní d4, ojú yóò wọ yín láti gbé rúùkù sí e1 kí ẹ fi so ayaba náà mọ́ ọba rẹ̀. Ẹ má dán an wò. Ayaba náà yóò jẹ rúùkù ní e1, ṣẹ́ẹ̀kì-méètì ni, ìyẹn ni pé ọba kò ríbi sá sí mọ́, ayò sì parí, nítorí pé ẹṣin b1 àti bíṣọ́ọ̀bù c1 tí ẹ kò tíì gbé rárá ni wọ́n dí ọ̀nà rúùkù yín kejì, pọ́ọ̀nù yín mẹ́ta sì há ọba mọ́lé.

Ibi tí ọmọ mi ti ṣìnà

Òfin FIDE, àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Páríìsì ní ọdún 1924, sọ pé bí ìrísí kan náà bá wáyé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òṣèré tó bá kàn láti ta lè gba ọ̀mì. Kò dandan kí ó jẹ́ léraléra. Ohun tó pọn dandan ni pé kí àwọn ọmọ ayò kan náà wà ní ilé kan náà, kí ó jẹ́ pé ẹnì kan náà ni ó kàn láti ta, kí àwọn ìgbésẹ̀ tó ṣeé ṣe sì jẹ́ ọ̀kan náà, títí kan ẹ̀tọ́ láti ṣe káásù àti ẹ̀tọ́ láti jẹ pọ́ọ̀nù lójú ọ̀nà. Nínú ayò wa, ìrísí tí a sàmì sí wáyé lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kẹwàá ti Dúdú, ó tún wáyé lẹ́yìn ìkejìlá, yóò sì wáyé lẹ́ẹ̀kẹta bí Dúdú bá gbé ayaba sí d6 ní ìkẹrìnlá. Ọba Dúdú àti àwọn rúùkù rẹ̀ kò tíì mira látìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀tọ́ káásù rẹ̀ kò sì yí padà láàárín wọn.

Nígbà tí Funfun bá ti ta 14. Qd4 tí ó sì ti tẹ aago, báyìí ni kí Dúdú ṣe. Kí ó má fọwọ́ kan ayaba rẹ̀ rárá. Kí ó kọ Qd6 sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ní mímọ̀ pé kò lè yí i padà mọ́. Kí ó dá aago dúró. Kí ó pe adájọ́, kí ó sì sọ fún un pé òun fẹ́ ta Qd6, àti pé ìgbésẹ̀ náà yóò mú ìrísí kan náà wá lẹ́ẹ̀kẹta. Adájọ́ yóò gba ìwé, yóò tún ayò náà tò, yóò ka ìrísí náà, bí ó bá sì rí i pé òtítọ́ ni, ayò parí lójú ẹsẹ̀ ní ọ̀mì, yálà ẹnì kejì fẹ́ tàbí kò fẹ́. Ohun tí ọmọ mi ṣe ni pé ó gbé ayaba kí ó tó sọ̀rọ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ sì ti kan ayaba náà láti gbé e, ẹ̀tọ́ ìgbésẹ̀ yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá ti tẹ aago, ẹnì kejì ni ẹ̀tọ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́: Funfun lè pe adájọ́ pé ìrísí lẹ́ẹ̀kẹta ti dé, ó sì lè dákẹ́ kí ó yà sí ọ̀nà mìíràn, bí àgbà ọkùnrin yẹn ṣe yà.

Bí ẹ bá ṣi ìrísí náà kà, tí adájọ́ sì rí i pé ẹ̀ẹ̀mejì péré ni, yóò fi ìṣẹ́jú méjì kún àkókò ẹnì kejì, ẹ ó sì gbọ́dọ̀ ta ìgbésẹ̀ tí ẹ kọ sílẹ̀ náà. Ẹ kò lè ní ẹ kò pè é mọ́. Ìbéèrè yín tún dúró gẹ́gẹ́ bí ọ̀mì tí ẹ fi lọ ẹnì kejì, nítorí náà ó ṣì lè gbà á bí ó bá wù ú. Ẹ rí i pé ìkọ̀wé ni ó gbé gbogbo rẹ̀ ró. Bí àkókò tó kù fún yín bá dín ní ìṣẹ́jú 5, tí aago kò sì ń fi ìṣẹ́jú-àáyá 30 kún un lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, òfin kò fi dandan mú yín láti máa kọ ọ́ mọ́; síbẹ̀, kò sí ẹni tó yẹ kí àkókò rẹ̀ ti kéré tó bẹ́ẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kẹrìnlá bí kò ṣe ẹni tó pẹ́ dé ibi ìdíje. Bí àwọn òṣèré méjèèjì bá sì dákẹ́ tí ìrísí náà wáyé lẹ́ẹ̀marùn-ún, adájọ́ fúnra rẹ̀ ni yóò dá ayò dúró ní ọ̀mì. Òfin yìí ti wà láti ọdún 2014.

Fífi ọ̀mì lọ àgbà, àti kíkọ̀ ọ́ fún un

Ọ̀mì àdéhùn ni ìkejì tó yẹ kí ẹ mọ̀ dáadáa. Ìlànà rẹ̀ ní ètò tí a kì í yí: ẹ kọ́kọ́ ta ìgbésẹ̀ yín lórí pátákó, ẹ wá sọ pé ẹ fẹ́ ọ̀mì, lẹ́yìn náà ni ẹ ó tẹ aago. Àwọn méjèèjì yóò kọ àmì ìdọ́gba sínú ìwé wọn báyìí, (=), ní ẹ̀gbẹ́ ìgbésẹ̀ náà. Ẹni tí wọ́n fi lọ̀ lè gbà á, ó lè fi ẹnu kọ̀ ọ́, ó sì lè kọ̀ ọ́ láìsọ ohunkóhun nípa fífọwọ́ kan ọmọ ayò tí ó fẹ́ gbé. Ẹni tó fi ọ̀mì lọni kò lè gbà á padà.

Ìṣòro tí mo ń bá pàdé níhìn-ín kò sí nínú ìwé òfin. Ọmọ ọdún mọ́kànlá jókòó sí iwájú bàbá tó tó bàbá rẹ̀ àgbà, ó ti jẹ pọ́ọ̀nù méjì lérè, bàbá náà sì rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Ọmọ mi, jẹ́ ká fi sí ọ̀mì.” Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ní Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ kò mọ bí yóò ṣe wí pé rárá fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ọmọ tó dọ̀bálẹ̀ kí ó tó jókòó, tí ó sì tún fi àmì kan tọrẹ kí ó tó dìde. Ohun tí mo ń kọ́ wọn ni pé kí wọ́n kí àgbà dáadáa kí ayò tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ó bá parí, ṣùgbọ́n láàárín méjèèjì, kí wọ́n sọ ní ohùn pẹ̀lẹ́ pé, “Ẹ ṣeun sà, ẹ jẹ́ ká tún ta díẹ̀ sí i.” Bí ẹnu bá sì wúwo, kí wọ́n kàn ta ìgbésẹ̀ tó kàn, òfin ti sọ èsì náà fún wọn. Bí àgbà bá ń fi ọ̀mì lọ ọmọ léraléra láìsí ìdí, ìdààmú ni òfin ka ìyẹn sí, ọmọ sì lè pe adájọ́ láìbú ẹnikẹ́ni.

Kí ẹ tó jókòó, ẹ bi olùṣètò ìdíje bóyá àdéhùn ọ̀mì gba àyè níbẹ̀. Láti ìgbà tí ìdíje ńlá kan ní Sofia, olú-ìlú Bùlùgéríà, ti ní kí àwọn òṣèré má ṣe bá ara wọn ṣe àdéhùn ọ̀mì ní ọdún 2005, ọ̀pọ̀ ìdíje ni kò fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ìgbésẹ̀ 30 tàbí 40 tó pé. Ìrísí lẹ́ẹ̀mẹ́ta kì í ṣe àdéhùn, nítorí náà òfin yẹn kò dí i, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ọ̀gá fi fẹ́ràn ìgbésẹ̀ mẹ́rìnlá wa yìí.

Àwọn ọ̀mì yòókù kò gba àkókò púpọ̀. Bí ẹni tó kàn láti ta kò bá ní ìgbésẹ̀ kankan tó bófin mu, tí ọba rẹ̀ kò sì sí nínú ṣẹ́ẹ̀kì, ọ̀mì ni. Bí ìgbésẹ̀ 50 bá kọjá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láìsí jíjẹ, láìsí pọ́ọ̀nù tó mira, a lè gba ọ̀mì lọ́wọ́ adájọ́. Bí ó bá di 75, adájọ́ yóò fúnra rẹ̀ dá a dúró. Bí ọmọ ayò tó kù kò bá lè ṣe ṣẹ́ẹ̀kì-méètì lọ́nàkọnà, bíi ọba àti ẹṣin kan sí ọba nìkan, ọ̀mì náà ni.

Bí ẹ kò bá fẹ́ ọ̀mì

Ẹnì kan kò lè dá ọ̀nà yìí rìn. Bí ẹ bá mú Funfun tí ẹ sì fẹ́ borí, ẹ má ṣe dé ìgbésẹ̀ kọkànlá rárá kí ẹ tó yà. Ní ìgbésẹ̀ kẹrin, dípò káásù, ẹ ti pọ́ọ̀nù d lọ sí d3. Ẹ ó ti ṣọ́ e4, ẹṣin Dúdú kò ní rí nǹkan jẹ, ayò yóò sì gùn, ó sì máa le. Bí ẹ bá ti ṣe káásù ná, rúùkù lọ sí e1 ní ìgbésẹ̀ karùn-ún tún jẹ́ ọ̀nà mìíràn. Dúdú tí kò fẹ́ ọ̀mì kò gbọ́dọ̀ yan Berlin lòdì sí ẹni tó jẹ́ pé ọ̀mì nìkan ni ó ní lọ́kàn.

Èrò mi ni pé kí ọmọdé má sọ ọ́ di àṣà. Ní ìpele ìkẹyìn, bí ìdajì àmì bá tó fún yín, ẹ lò ó. Bí ẹ bá mú Dúdú lòdì sí ẹni tí ìwọ̀n rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń díwọ̀n agbára òṣèré, ga ju tiyín lọ dáadáa, ẹ lò ó, ìwọ̀n yín yóò gòkè. Ní ìpele kìíní, láàárín ọmọ méjì tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì kan náà, ìgbésẹ̀ mẹ́rìnlá tí wọ́n ti há sórí láti ilé kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. N kò sì gbà fún àwọn tó ń pe gbogbo ọ̀mì ní ọ̀lẹ. Ní ọdún 2018, gbogbo ayò 12 tí Magnus Carlsen àti Fabiano Caruana ta ní Lọ́ńdọ̀nù fún adé àgbáyé, kí wọ́n tó bọ́ sí ayò kíákíá, ni ó parí sí ọ̀mì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń fi ọ̀pọ̀ wákàtí ta wọ́n. Ní Belgrade ní ọdún 1989, Nikolić àti Arsović ta ìgbésẹ̀ 269 kí ayò náà tó parí sí ọ̀mì. Ẹni tó bá pe ìyẹn ní ọ̀lẹ kò tíì jókòó fún wákàtí mẹ́rin rí.

Bí a ṣe ń fi kọ́ra nílé nìyí. Kí ènìyàn méjì ta ìgbésẹ̀ mẹ́rìnlá náà pẹ̀lú aago àti ìwé àkọsílẹ̀, kí ẹni kẹta dúró bí adájọ́. Kí Dúdú dé ìkẹrìnlá, kí ó kọ Qd6, kí ó dá aago dúró, kí ó sì sọ ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá kan ayaba kí ó tó sọ̀rọ̀, ẹ to ọmọ ayò padà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀meje ni ọmọ mi tò ó padà ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e. Nígbà tí yóò fi di ẹ̀ẹ̀kẹjọ, ó fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan rẹ̀ títí adájọ́ fi dé.